Ohun tí Àwọ̀ Ọṣẹ Ń Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ òwe yìí níbi ìsìnkú àgbà, tí a kò sì ronú kàn án pé eérú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó dárúkọ wà lára ohun tí àwọn ìyá ńlá wa fi ń se ọṣẹ. Nínú eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni agbára ọṣẹ dúdú ti ń wá, inú eérú kan náà ni àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń jáde.

Lónìí, ẹni tí ó bá rìn yí ọjà Assigamé ká, tàbí tí ó bá dé Hédzranawoé, yóò rí ọṣẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí àtẹ: pupa, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, dúdú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti ilé iṣẹ́ ńlá wá. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń se ọṣẹ nílé, wọ́n ń gé e, wọ́n ń dì í, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà naturel sí ara páálí. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a yìn ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ń ṣe é àti ẹni tí ń rà á gbọ́dọ̀ lè dáhùn: níbo ni àwọ̀ yìí ti wá? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ mọ ewéko, ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò, ó sì lè wo ojú oníbàárà rẹ̀ láìfojú palẹ̀.

Àwọ̀ àkọ́kọ́: ọṣẹ dúdú

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ tí a ń fi kún ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi kún un. A ó sá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí èèpo kòkó sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, a ó sì sun ún di eérú. A ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a ti lu ihò sí nídìí, a ó da omi lé e lórí, omi náà yóò sì máa sẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Omi eérú yìí, tí ń ta ni lọ́wọ́, ni agbára ọṣẹ. A ó gbé e ka iná pẹ̀lú àdín, a ó máa rò ó fún wákàtí púpọ̀, títí yóò fi ki, tí yóò sì ṣeé ṣù.

Ọṣẹ dúdú rọ̀ nítorí pé pọtásíọ́mù ló pọ̀ nínú eérú ewéko. Sódà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ló ń mú kí ọṣẹ le gbagidi. Àwọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí ó bá omi sẹ́ jáde láti inú eérú, àti iná tí ó pẹ́ lábẹ́ ìkòkò, ló bí i. Nítorí náà, ojúlówó ọṣẹ dúdú kì í sábà dúdú bí èédú. Àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń ní, nígbà mìíràn bíi ti kọfí, àwọ̀ ìsè òní kì í sì í bá ti àná mu régí. Bí ẹ bá rí ọṣẹ dúdú tí ó dúdú kirikiri, tí gbogbo rẹ̀ sì rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè ohun tí ó fi kún un. Ó lè jẹ́ èédú lílọ̀, èyí tí kò burú. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn.

Ọṣẹ yìí ti rìn jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti rò lọ. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, koto ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ní Gánà, alata samina ni: samina ni ọṣẹ ní èdè Akan, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn mìíràn tí ó ti ìhà Nàìjíríà wá. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, sabão da costa, èyíinì ni ọṣẹ Etíkun, ni orúkọ tí àwọn ọmọ àwọn tí òwò ẹrú kó lọ fún un, wọ́n sì ń lò ó nínú ẹ̀sìn Candomblé títí di òní. Etíkun tí wọ́n ń sọ náà ni etíkun tiwa yìí.

Omi eérú ni adájọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ewé, èso tàbí igi fún ọṣẹ ní àwọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọ̀ tí ojú rí nínú igbá kọ́ ni yóò jẹ́ àwọ̀ inú ọṣẹ. Omi eérú àti sódà jẹ́ òdìkejì ohun kíkan, ohun tí àwa olùkọ́ ń pè ní base nínú ẹ̀kọ́ chimie. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ ewéko ni kì í dúró níwájú wọn.

Ẹ̀rí wà nínú ilé ìdáná. Ẹ bu omi ìṣápá pupa, tí gbogbo Lomé mọ̀ sí bissap, sínú ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan: pupa rẹ̀ yóò tàn sí i. Ẹ kán omi eérú sí èkejì: pupa yóò lọ, àwọ̀ bíi ti ewé yóò dé, bí ó bá sì pẹ́, yóò di àwọ̀ ilẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọṣẹ. Ẹni tí ó da bissap sínú ọṣẹ nítorí pé ó ń wá pupa yóò kàn rí ọṣẹ eléérú lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọṣẹ líle tí ó pupa bí omi bissap, tí ẹni tí ń tà á sì ń búra pé bissap nìkan ló fi ṣe é, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan.

Ẹ̀rí kejì wà lára aṣọ. Bí ọbẹ̀ tí a fi curry sè bá ta sí aṣọ funfun, àbàwọ́n rẹ̀ a ní àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí a bá fi ọṣẹ pa á, ó di pupa lójijì, ẹ̀rù a sì ba ọmọ tí ń fọ̀ ọ́. Atalẹ̀ pupa, tí a ń pè ní curcuma ní èdè Faransé, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kéde pé òun ti pàdé ọṣẹ. Bí a bá fi omi púpọ̀ ṣan aṣọ náà, àwọ̀ ìyeyè náà yóò padà. Àwọn onímọ̀ chimie ayé àtijọ́ tilẹ̀ máa ń rẹ bébà sínú omi atalẹ̀ pupa, kí wọ́n lè fi mọ omi tí ó jẹ́ base. Ohun tí ó ń ba oníṣẹ́ ilé lẹ́rù ni ohun èlò oníṣẹ́ ọgbọ́n.

Àwọn ewéko tí ó ṣeé gbára lé

Osùn ni kí a kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ó ti mọ ara ènìyàn kí a tó bí wa. Láti inú igi ìrosùn àti igi osùn ni a ti ń lọ̀ ọ́, àwọn ìyá wa sì ń pò ó mọ́ àdín láti fi pa ara ọmọ tuntun àti ti ìyá ìkókó. Omi lásán kì í sábà rí àwọ̀ fà jáde lára rẹ̀, ṣùgbọ́n omi eérú àti sódà ń fà á jáde. Nínú ọṣẹ, kì í jẹ́ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó ń jinlẹ̀ di pupa dúdú tí ó fẹ́ jọ àlùkò. Ó yẹ kí ẹni tí ó lò ó mọ èyí ṣáájú, kí ó má baà rò pé ọṣẹ òun ti bàjẹ́.

Osùn bukẹ ni èkejì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní roucou. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni igi rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú àgbàlá wa débi pé ó gba orúkọ Yorùbá. Èso rẹ̀ ní irun wúruwùru lára, hóró inú rẹ̀ sì ń pa ọwọ́ láró. Epo ni àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ràn. A ó gbé hóró náà sínú epo lórí iná jẹ́jẹ́, a ó sẹ́ ẹ, epo náà yóò sì ní àwọ̀ ọsàn. Bí a bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ọṣẹ, a ó rí àwọ̀ ìyeyè. Bí a bá fi púpọ̀, àwọ̀ ọsàn.

Atalẹ̀ pupa tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè náà ṣeé lò. Nígbà tí sódà ṣì le nínú ọṣẹ, ó ń pupa. Bí ọṣẹ ti ń gbó, ó ń rọra padà sí àwọ̀ ọsàn tàbí ìyeyè jíjinlẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọṣẹ atalẹ̀ tí a tẹ́ sí ojú oòrùn yóò ṣá.

Epo pupa fúnra rẹ̀ jẹ́ àwọ̀. Ohun tí ó mú kí kárọ́ọ̀tì pọ́n ló mú kí epo wa pọ́n, ó sì ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ ọsàn tí ó tuni lójú, bí òun náà tilẹ̀ ń ṣá nínú ìmọ́lẹ̀. Ìtàn kan wà lára àwọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1840, Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, ń ra epo pupa ní Ouidah, epo náà sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ní ilẹ̀ Faransé. Kí wọ́n tó lè fi ṣe ọṣẹ funfun, wọ́n ní láti kọ́kọ́ pa àwọ̀ rẹ̀ run. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi iná ṣe nígbà tí wọ́n bá ń yọ epo fún ọbẹ̀ ni wọ́n kọ́ láti ṣe nínú ilé iṣẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n ń lé jáde nígbà náà ni àwọn ọlọ́ṣẹ kéékèèké ń wá kiri lónìí.

Ẹ̀lú ni baba àwọ̀ búlúù ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ewé tútù rẹ̀ ni a ń dà sínú ọṣẹ, bí kò ṣe aró tí a ti yọ lára ewé, tí a gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná. Sódà nìkan kò lè yọ́ ọ, nítorí náà búlúù rẹ̀ ń dúró. Kí a lò ó níwọ̀nba, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, ìfófòó yóò ní àwọ̀, aṣọ ìnura yóò sì gbà nínú rẹ̀.

Ewé mọ̀ríńgà tí a gbẹ níbòòji ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ ewé. Ó lẹ́wà ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sí àwọ̀ ilẹ̀. Kòkó àti kọfí, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní agbègbè Plateaux, ní ọ̀nà Kpalimé àti Badou, ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èédú lílọ̀ ni ó dúró ṣinṣin jù lọ nínú gbogbo wọn: kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ó lè pa á, kò sí sódà tí ó lè yí i padà.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọ̀ ń gbà wọ ọṣẹ. Èkíní ni kí a rẹ ewéko sínú epo, bíi ti osùn bukẹ. Èkejì ni kí a fi omi tí a fi ewéko sè rọ́pò omi lásán. Ẹ̀kẹta, tí ó wọ́pọ̀ jù, ni kí a fi epo díẹ̀ po lẹ́búlẹ́bú náà kí ó má ṣe kókó, kí a sì dà á sínú ọṣẹ nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Síbí tíì kan fún ìdajì kílò epo tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi aṣọ bo ọṣẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú àpótí, kí ooru rẹ̀ má tètè jáde, àwọ̀ náà yóò jinlẹ̀ sí i.

Ẹ má gbàgbé pé epo náà ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá búlúù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú epo pupa. Òróró àgbọn àti òrí ló ń fi àyè funfun sílẹ̀ fún àwọ̀ mìíràn.

Ní ti sódà, tí a ń pè ní soude caustique ní ọjà Lomé, kò sí àwàdà nínú rẹ̀. Epo kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀: kílò òróró àgbọn kan ń gba nǹkan bí 183 gíráàmù sódà, kílò epo pupa kan ń gba nǹkan bí 141, kílò òrí kan ń gba nǹkan bí 128. Ọlọ́ṣẹ tí ó gbọ́n ń dín in kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù fún awọ ara. Òṣùwọ̀n ni kí a lò. A kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Sódà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà lórí. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a dáàbò bo ojú, kí a jìnnà sí ìkòkò alumíníọ̀mù nítorí pé sódà ń jẹ ẹ́, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Lẹ́yìn tí a bá ti gé ọṣẹ, kí a jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó kan ara ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ gé ọṣẹ tuntun kan sí méjì, ẹ fi ìdajì sí ojú fèrèsé, ẹ fi ìdajì sínú àpótí. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí ni òtítọ́ tí ó yẹ kí ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó sanwó.

Ẹjọ́ aró ní Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti òtítọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, kò sì mọ sórí ọṣẹ. Àwọn aláró àti àwọn ọlọ́ṣẹ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí pé omi eérú ni àwọn méjèèjì fi ń jẹun. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin aláró ń rẹ àdìrẹ nínú ẹ̀lú tí wọ́n fi omi eérú pò fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi chimie ṣe, kò sì pẹ́ títí tí irú aró bẹ́ẹ̀ fi dé ọjà wa, pẹ̀lú sódà tí kò béèrè eérú sísun.

Iṣẹ́ yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1930, ọjà àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé aṣọ kò dára bí ti àtẹ̀yìnwá. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró tuntun náà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ní ohun èlò yìí ló ń jẹ́ kí àwọn rí oúnjẹ òòjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ó dé iwájú ìjọba amúnisìn.

Kò yẹ kí a fi ìtàn yìí dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn obìnrin náà ní ọmọ láti bọ́. Sódà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni gbogbo ọṣẹ líle tí a ń lò lónìí dúró lé, títí kan èyí tí a kọ naturel sí lára. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ wa ni pé nígbà tí oníbàárà kò bá mọ ohun tí ó wà nínú àwọ̀ mọ́, kò ní lè ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú, àti pé iyèméjì rẹ̀ kì í yọ ẹni tí ń ṣe é dáadáa sílẹ̀.

Ohun tí ó kan wa báyìí

Ewu tiwa ju ti aṣọ lọ, nítorí pé ara ni ọṣẹ ń kàn. Àwọn kan ń da aró aṣọ sínú ọṣẹ nítorí pé ó pọ́wọ́, ó sì ń tàn. Aró aṣọ kò wà fún awọ ara ènìyàn. Àwọn mìíràn ń fi àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn bo ohun tí a fi ń bóra. Ìwé Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2013, dárúkọ ọṣẹ ìbóra ní pàtó: nígbà tí òfin rẹ̀ lórí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, ó ka èyí tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju mílígíráàmù kan lọ nínú kílò kan léèwọ̀ láti ṣe, láti kó wọ̀lú tàbí láti kó jáde. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwòrán atalẹ̀ pupa lórí páálí kò lè fọ ìyẹn nù.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti inú ilẹ̀ hù ni ó yẹ fún ara. Ata gígún ń ta ara. Kanẹ́ẹ̀lì, tí ó ń fún ọṣẹ ní àwọ̀ ilẹ̀ tí ó rẹwà, ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Kí a dán ọṣẹ wò ní igun apá fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó fi wẹ ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ orúkọ ohun tí ó fún ọṣẹ yín ní àwọ̀ sára páálí, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Faransé: osùn, osùn bukẹ, ẹ̀lú, atalẹ̀ pupa. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọ̀ náà yóò ṣá bí ó bá ń ṣá. Oníbàárà tí ẹ bá sọ òtítọ́ fún kò ní bínú nígbà tí ọṣẹ rẹ̀ bá yí padà; yóò mọ̀ pé ewé ni òun rà. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ igi kan, ẹ lọ bi àwọn ìyá tí ń ta àgbo ní ọjà, ẹ bi àwọn àgbà ní Anagokomé, ẹ bi àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Atakpamé. Orúkọ tí a kò bá béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, a kò ní rí ẹni sọ ọ́ fún wa lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á náà, ẹ má ṣe tijú láti béèrè. Ọlọ́ṣẹ rere yóò láyọ̀ láti dáhùn. Èyí tí ó bá sì fi irọ́ kun ọṣẹ rẹ̀, kí ó rántí ohun tí àwọn tí ń sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ: ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.